Tónà Àjọkẹ́ Aláta

Tìbínútìbínú ni mo fi bá Àjọkẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Edith ní Kétu, mi ò sì ní purọ́, ìjà ni mo bá lọ. Ó ti pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí èmi àti Àjọkẹ́ ti jọ ń tajà ní Mile 12. Èmi ń ta àlùbọ́sà, òun ń ta ata rodo. Ṣakí ló ti wá. Bí ọkọ̀ bá ti já àpò ata sílẹ̀ láàárọ̀, ọwọ́ lásán ló fi ń ṣa èyí tó ti rà kúrò, kò sì sí ẹni tó yá lọ́wọ́ tó o.

Ìpàdé àwọn òbí ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, nílé ìwé Fẹ́rànmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Àjọkẹ́ bí, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Tíṣà kan tí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ wò ó lójú, ó ní, "Grandma, ẹ káàbọ̀. Ṣé Mummy Fẹ́rànmí ò ráyè ni?" Ẹni ọdún méjìlélógójì! Oòrùn ọjà ló kó àbàwọ́n bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ orí. Àjọkẹ́ sunkún títí ó fi délé. Open Day ọmọ náà, tí àwọn òbí tún máa wá sílé ìwé, ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì búra pé kó tó dé, ojú òun á dán, kí wọ́n lè mọ̀ pé òun lòun bí ọmọ òun.

Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Edith, ọmọbìnrin tó ń ta ìpara. Edith ò gbé ìpara tó ń bó ara fún un, mo gbà fún un níbẹ̀. Tónà ló fún un, omi kan báyìí tí wọ́n fi ń pa ojú tí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ tán.

"Aunty, ẹ má fi cotton wool ṣe é o, ó máa fa gbogbo ẹ̀ mu ni. Ẹ dà á sí palm yín, kí ẹ máa fi gbá ojú jẹ́jẹ́, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́."

Lọ́jọ́ kìíní, ojú rẹ̀ gbóná. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ó ń jó o bí iná. Mo ní kó jù ú nù. Ó ní rárá, ohun tí kò bá ta èèyàn, iṣẹ́ kọ́ ló ń ṣe. Mo bá a jà títí, orí kunkun! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fẹ́ẹ̀ pé, ojú pọ́n, ó ń bó, ìpéǹpéjú wú. Open Day di ọ̀la.

Bí a ṣe dé ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, Fẹ́rànmí ń tẹ̀ lé wa nínú yunifọ́ọ̀mù.

"Wo nǹkan tó o fi ojú ẹni ẹlẹ́ni ṣe!" Mo ti ń pariwo kí n tó wọlé.

"Mummy, ẹ ṣe sùúrù. Kò sí alcohol nínú ẹ̀ rárá, èmi náà ń lò ó." Edith gba ìgò náà lọ́wọ́ Àjọkẹ́, ó dà á sí àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó sì fi gbá ojú. A dúró kó ké. Kò ké. Ojú rẹ̀ kàn ń dán ni, ìyẹn gan-an tún bí mi nínú.

Ó ní kí Àjọkẹ́ wá fi bó ṣe ń ṣe é han òun. Àjọkẹ́ ti fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó kúrò lọ́jà. Edith di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbá a. Lẹ́yìn náà ni Edith fọwọ́ nu òógùn lójú ara rẹ̀.

"Yéè! Ojú mi o!"

Èmi àti Àjọkẹ́ wo ara wa. Ta ni kò mọ̀ lọ́jà wa pé ọṣẹ kì í gba ata rodo kúrò lọ́wọ́, pé òróró ni? Àwa la máa ń sọ ọ́ fún oníbàárà! Ṣùgbọ́n ọwọ́ Àjọkẹ́ ti kú sí ata, kì í ta á mọ́. Tẹ́lẹ̀, kànrìnkàn ló fi ń fọjú, etí ìró ló fi ń nu òógùn. Tónà yìí ló kọ́ ọ láti máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ojú. Ata ló ń gbá mọ́ ara rẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Mo wá ẹni tí màá bínú sí, mi ò rí.

Fẹ́rànmí ló sọ̀rọ̀. "Mummy, ó máa ń ta mí náà."

"Kí ló máa ń ta ọ́?"

"Ọwọ́ yín. Tí ẹ bá fi nu ojú mi. Láti kékeré."

"Kí ló dé tó ò sọ? Fẹ́rànmí, kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Mo rò pé bí ọwọ́ mummy gbogbo èèyàn ṣe máa ń rí nìyẹn."

Àjọkẹ́ na ọwọ́ láti fà á mọ́ra. Kó tó kàn án, ó ká ọwọ́ méjèèjì kò, ó sì kó wọn sẹ́yìn.