Olùkọ́ tó ń wá àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja

Tí mo bá ń la inú ẹja báyìí, ọwọ́ mi máa ń rọra lọ, nítorí obìnrin olùkọ́ kan tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa ní Ajah. Àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja ló ń kọ́ nípa rẹ̀. Á tò wọ́n sínú abọ́, á pè mí.

“Màmá, ẹ wo ti ọ̀bọ̀kún bó ṣe wú. Ti àrọ̀ rèé, kékeré méjì, inú egungun lẹ́yìn orí ló há sí.”

“Èwo ló dùn jù níbẹ̀?”

Á rẹ́rìn-ín.

Òjìjí, ẹja tó máa ń gbéni bí iná mànàmáná, nìkan ni kò tíì rí. Wọ́n ti da yanrìn sí etí ọ̀sà, ẹja ò sì wọ́pọ̀ mọ́. Mo bẹ apẹja kan ní Badore pé kó bá wa wá a.

Ọ̀sẹ̀ tí olùkọ́ fẹ́ kó lọ ni ìyàwó apẹja gbé òjìjí dé. Ó ti kó inú rẹ̀ dànù, ó ti yan án gbẹ.

“Mo ti bá yín tún un ṣe, Màmá.”

Olùkọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa. A fi ẹja náà jẹ ẹ̀bà. Ó ní ó dùn, ṣùgbọ́n kó tó bu òkèlè kọ̀ọ̀kan, á tún kọ́kọ́ wo ikùn ẹja tó ṣófo náà.