Ìyá ọkọ mi àti ọta olómi bàbà

Ẹ bá mi yọ̀ o, ìyá ọkọ mi gbà mí lónìí!

Gbogbo ìgbà ni ọkọ mi ń borí mi tá a bá ń díje ní pápá ìyìnbọn. Ọta òjé tí mò ń lò máa ń rú èéfín, ni mo bá ra olómi bàbà.

Mò ń fọwọ́ ara mi di wọ́n nínú gáréèjì wa ní ìlú Humble lókè òkun níbí, kásẹ́ẹ̀tì orin ìjọ ń kọ. Mo rọ ẹ̀tù sínú agolo idẹ kékeré tó ń gba ọta, mo ti ọta bọ̀ ọ́, mo fi ẹ̀rọ fún ẹnu idẹ mọ́ ọn pinpin.

Màmá, tí wọ́n wá kí wa láti Ìjẹ̀bú, yọ sí mi.

"Ìyàwó mi, kí nìyẹn?"

"Ọta ni, Màmá. Òjé ni, bàbà ni wọ́n fi bò ó."

"Bí olómi wúrà tí mò ń tà! Má fún un tó bẹ́ẹ̀, ara ẹ̀ á bó."

Mo fa ọ̀kan yọ wò. Bàbà ti gé, òjé ti yọjú; irú ọta bẹ́ẹ̀ kì í lọ tààrà! Mo dẹ ẹ̀rọ, mo tún gbogbo wọn dì.

Ní pápá, ọta mi márààrún wọ ojú kan. Ti ọkọ mi fọ́n ká bí àgbàdo tí wọ́n dà fádìẹ. Màmá jó títí gèlè fi tú!

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, kí ni ìyá ọkọ tiyín mọ̀ tí ẹ ò fọkàn sí?