Òkúta Inú Ìrẹsì

Aládùúgbò mi ní Mowe gbé ìrẹsì Ọ̀fàdà kaná láàárọ̀ yìí. Bí òórùn rẹ̀ ṣe wọlé, orúnkún mi méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Dókítà ti ya àwòrán wọn, kò rí nǹkan kan. Ó ní ìyà tí wọ́n fi jẹ ọmọdé lè di ìrora lára àgbà.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ọ̀fàdà ni mo ń gbé nígbà náà, èmi ni mo sì ń ṣa òkúta inú ìrẹsì wọn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n jẹ òkúta kan mọ́ oúnjẹ. Wọ́n da gbogbo òkúta tí mo ti ṣà sórí sìmẹ́ǹtì gbígbóná.

"Kúnlẹ̀ lé e, afọ́jú burúkú!"

Orí rẹ̀ ni mo wà tí màmá mi fi dé láti wá wò mí. Inú mi dùn. Wọ́n á mú mi lọ sílé. Ṣùgbọ́n aṣọ mi ti bo àwọn òkúta náà.

"Kí màmá ẹ," ni ẹ̀gbọ́n wọn wí.

"Ẹ káàsán, mà."

Màmá mi pàtẹ́wọ́. "Ọmọ tó ń kí èèyàn lóòró tẹ́lẹ̀! Àǹtí mi, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ ṣì máa bá mi tọ́ ọ."

Àwọn méjèèjì jọ wọlé lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó ní kí n dìde.