Èènì Tí Mo Fún Àlàájà

Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni Àlàájà Sìkírátù, oníbàárà mi tó ń sin ẹja lẹ́yìnkùlé wọn ní Olúyọ̀lé, pè mí lórí fóònù.

"Ìyá Dọlápọ̀, ẹ wá wo omi mi."

Ohùn wọn tutù, ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Bódìjà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Bàbá Ògúndélé, ní igun kan lẹ́yìn ọgbà tí wọ́n ń pè ní àhámọ́. Ohun ọ̀gbìn yòówù tó bá ti ìlú mìíràn wá, ibẹ̀ ni yóò wà títí a ó fi mọ bó ṣe ń bí sí i. Wọ́n á ní, "A kì í fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́jọ́ tó dé." Èmi a máa rẹ́rìn-ín sínú pé ewé lásán ni bàbá ń tì mọ́lé.

Bàbá fẹ̀yìn tì, ọgbà di tèmi. Oníbàárà kan wá gbé ewé kan fún mi láti Èkó. Ó ń léfòó bí ojúoró, òdòdó rẹ̀ sì ní àwọ̀ elésèé àlùkò. Mo gbé e sí àhámọ́ lóòótọ́. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ méjì níbẹ̀ tí Àlàájà fi wá ra rósì. Wọ́n sanwó tán, wọn ò lọ.

"Èènì mi ńkọ́?"

Ojú tì mí láti jẹ́ kí wọ́n lọ lọ́wọ́ òfo. Mo mú mẹ́ta nínú ewé náà sínú ọ̀rá. "Ẹ sọ ọ́ sómi ẹja yín. Ojúoró ló ń lékè omi, ẹ ó máa lékè." Wọ́n ṣe àmín.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni wọ́n pè mí yẹn. Nígbà tí mo débẹ̀, n kò rí omi rárá. Ewé ti bò ó pátá, gbogbo ẹja ti kú sábẹ́ rẹ̀ nítorí wọn kò rí afẹ́fẹ́ mí. Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Ìbá sàn kí wọ́n bú mi.

"Ẹ dìde, jàre. Èmi náà ni mo tọrọ."

Ọjọ́ mẹ́ta la fi kó o, a sá a, a sun ún. Ṣùgbọ́n òjò ti rọ̀ ṣáájú, omi sì ti ṣàn kọjá sínú odò tó wà lẹ́yìn ọgbà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń kọjá lórí afárá odò yẹn. Ọmọbìnrin kan dúró, ó ń ya fọ́tò òdòdó tó bo omi lọ súà.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pe òdòdó yìí? Ó mà rẹwà o."

"N ò mọ̀ ọ́n, ọmọ mi."

Irọ́ ni mo pa. Ohun tí n kò lè sọ lójú rẹ̀ ni mo kọ síhìn-ín: ọwọ́ mi ló ti wá.