Ẹsẹ̀ Ẹ̀yìn Marigold

Láti ìgbà tí irun orí Wilf Garside ṣì dúdú ni ó ti ń ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀yìn màlúù nínú eré ọdọọdún ní Skelbeck, abúlé wa. Ògiri kan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tèmi. Èmi ni mo máa ń rán awọ màlúù náà, tí a fi aṣọ ṣe, bó bá ya. Èmi náà ni mo sì máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ ìkélé pẹ̀lú ìwé eré lọ́wọ́, kí n lè rán ẹni tó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ létí.

Oṣù kìíní ọdún, nígbà tí yìnyín bá ti dí ọ̀nà orí òkè, ni ẹgbẹ́ òṣèré wa máa ń ṣe pantomáìmù ní gbọ̀ngàn abúlé. Eré ẹ̀rín ni, àwọn ọmọdé a sì máa pariwo sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Alápatà wa a wọ kaba, a kun ètè, a di opó. Ebi a pa opó náà títí yóò fi fa màlúù rẹ̀ lọ sọ́jà. Màlúù yìí, Marigold, ni gbogbo abúlé ń wá wò. Èèyàn méjì ló wà nínú rẹ̀. Ẹni iwájú ló ni orí. Òun ló ń fa okùn tí ojú fi ń ṣẹ́jú, òun ló sì ń pàṣẹ. Ẹni ẹ̀yìn a tẹ̀ kòlòbà, a di ìbàdí ẹni iwájú mú, a sì máa tẹ̀ lé e nínú òkùnkùn.

Nínú ìwé ètò tí à ń tà lẹ́nu ọ̀nà, a kì í kọ orúkọ àwọn méjèèjì. Ohun tí a máa ń kọ ni pé Marigold fúnra rẹ̀ ló ṣe Marigold. Wọn kì í sì í bọ́ awọ náà nígbà tí àwọn òṣèré bá ń tẹrí ba fún èrò níkẹyìn, kí ọkàn àwọn ọmọdé má baà bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà kan tí kò mọ ẹni tó wà níwájú. Ẹni ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń gbàgbé.

Nígbà tí orúnkún ọkùnrin tó ń ṣe orí kọ iṣẹ́, Wilf fá irùngbọ̀n, ó wọ ẹ̀wù tó máa ń wọ̀ lọ sí ìsìnkú, ó lọ sí ìpàdé. Ó dá a lójú pé orí ti di tirẹ̀. Míìsì Stott, tó ń darí eré wa, gbé orí fún Neville Prout, ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìlú ńlá sílẹ̀ wá ra ilé lẹ́bàá ṣọ́ọ̀ṣì.

"Neville ga," ni Míìsì Stott wí. "Ọrùn màlúù ń fẹ́ ẹni gíga."

"Míìsì Stott, ẹ dákun, ṣé gíga ni màlúù fi ń jẹ koríko?"

"Wilf, ta ló mọ ẹ̀yìn bíi tìẹ? Ta ni mo fẹ́ fi rọ́pò rẹ?"

Neville na ọwọ́ sí i. "Má ṣèyọnu, ọ̀rẹ́. Mi ò ní jẹ́ kí o ṣubú."

Ní ilé ọtí, àwọn ará abúlé ò jẹ́ kí Wilf sinmi. "Wilf, báwo lojú ọjọ́ ṣe rí lẹ́yìn lọ́hùn-ún?"

"Ó ń rùn," ni Wilf dáhùn.

Neville rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ó sì ra ọtí fún un. Ọtí ọ̀fẹ́ yẹn ló ta á lára jù.

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Wilf lẹ́ran láyà dáadáa, owú náà sì ráyè jókòó sí. Nígbà tí a ń fi eré dánra wò, Hilary, ìyàwó rẹ̀, gbé agolo àkàrà dídùn wá, Neville ló sì kọ́kọ́ fi lọ̀. Neville dé orí màlúù, ó fa okùn, ó ṣẹ́jú kan sí i. Hilary rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. Wilf gbọ́ ọ láti inú òkùnkùn. Láti ọjọ́ tó ti ń ju ìrù, kò gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Nígbà tí wọ́n délé, ògiri kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi.

"O rẹ́rìn-ín sí i."

"Màlúù ni mo rẹ́rìn-ín sí, Wilf."

"Ojú màlúù lo rẹ́rìn-ín sí."

"Ṣé ìdí rẹ̀ ló yẹ kí n rẹ́rìn-ín sí ni?"



Ọjọ́ àkọ́kọ́ eré pé, gbọ̀ngàn kún. A dé ibi tí opó ń fa Marigold lọ sọ́jà, tí Neville yóò jó bọ́ síwájú kí gbogbo ojú lè wò ó. Wilf fi ìdí lélẹ̀. Ó jókòó gbọn-in. Mo gbọ́ bí ojú ibi tí mo rán ṣe ń ké. Ẹsẹ̀ iwájú ń ha ilẹ̀, kò kúrò lójú kan.

"Wilf! Dìde!" ni Neville ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ nínú awọ.

"Ìwọ lolórí. Gbé wa dìde."

Ojú Neville ni Wilf fẹ́ kó tì. Ṣùgbọ́n alápatà yíjú pa dà, ó gbé kaba rẹ̀ sókè, ó ní: "Àbí o ò fẹ́ kí n tà ọ́ ni, Marigold?"

"Ẹ má tà á!" Gbogbo ọmọdé fò dìde. "Ẹ má tà á o!"

Neville yí orí màlúù sí wọn díẹ̀díẹ̀, ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Nídìí tíì lẹ́yìn eré, Neville ni wọ́n yí ká. "Ibo lo ti rí ọgbọ́n yẹn? Àfi bíi pé màlúù náà ń ronú!"

"Wilf ló jókòó," ni Neville wí.

"Ẹ wò ó, kì í tilẹ̀ gbéra ga!"

Wilf dúró ti ìkòkò tíì, irun rẹ̀ tutù fún òógùn. Míìsì Stott fọwọ́ kàn án léjìká. "Lójoojúmọ́ ni kẹ́ ẹ máa jókòó níbẹ̀. Neville ti rí ohun tó dára fún wa."

"Neville ló rí i?"

"Wilf, má bẹ̀rẹ̀."

Ní gbogbo ọjọ́ tí a fi ṣe eré náà ni Wilf ń jókòó, tí wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ fún Neville.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Wilf dúró níwájú ìpàdé. "Orí, tàbí kẹ́ ẹ wá ẹlòmíràn."

Neville ò janpata. "Gbà á, ọ̀rẹ́. Ó ti ń wù mí kí n gbìyànjú ẹ̀yìn."

Mo rán tìmùtìmù sínú ọrùn kí Wilf lè ga tó. Ó ń ṣẹ́jú màlúù níwájú dígí, ó ń ṣẹ́ ẹ sí àwọn adìyẹ rẹ̀ nínú ọgbà. Hilary sọ fún mi pé Wilf ń kọrin bó ṣe ń fọ abọ́.

Ọjọ́ eré pé, a dé ibi ọjà. Neville kò kàn fi ìdí lélẹ̀ bí Wilf ti máa ń ṣe. Ó kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn màlúù po, bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé ẹyin sí. Ó fi ẹsẹ̀ kan tú ilẹ̀. Ó gbé ìrù sí ọ̀tún, ó gbé e sí òsì, kó tó wá rọra gúnlẹ̀.

Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni ẹ̀rín náà ti bẹ̀rẹ̀. Wilf fa okùn, ó ṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó wo ojú. Ó tún fà á. "Ẹ wo ìdí rẹ̀!" ni àwọn ọmọdé ń ké. Láti orí ìlà àga kejì, mo gbọ́ ẹ̀rín Hilary, ẹ̀rín ọjọ́ agolo yẹn gẹ́lẹ́.

Orí màlúù yí sọ́dọ̀ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkélé. Ohùn Wilf jáde láti ẹnu rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe lẹ́yìn yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń ṣe?"

Mo wo ìwé eré. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ tí mo lè kà fún un.