Òkúta tí Mo Kó Sínú Omi Àrọ̀ Ìyá Àgbà

Bí mo bá rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá àgbà mi ní Ọ̀fà, òórùn omi ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí: omi tó ti pẹ́ nínú àpótí gíláàsì, tó ń rùn bí ewé tútù àti bí ẹja, tó sì ń dàpọ̀ mọ́ òórùn òróró ẹ́ńjìnnì tí kò kúrò lára aṣọ iṣẹ́ bàbá láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ọgbọ̀n ọdún ni bàbá fi wa ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọkọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ dé ìlú wa mọ́, ṣùgbọ́n Bàbá Dírẹ́bà ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè wọ́n.

Àrọ̀ kan ló ń gbé inú gíláàsì náà. Ìyá àgbà ló rà á láàyè ní ọjà Òjòkú, wọ́n ní kó dàgbà díẹ̀ kí a tó sè é nígbà ọdún Iléyá. Iléyá dé, Iléyá kọjá, àrọ̀ ṣì wà nínú abọ́ omi. Ìyá àgbà ní irùngbọ̀n rẹ̀ jọ ti bàbá tó bí àwọn, àwọn kò sì lè fi ọ̀bẹ kan irú irùngbọ̀n bẹ́ẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Àlejò. Bàbá bá ní kí ẹni tó ń gé gíláàsì lẹ gíláàsì mélòó kan pọ̀ bí àpótí, kí ìyàwó àwọn lè máa rí àlejò wọn láti orí ìjókòó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìyá àgbà kú. Láti ìgbà náà, bí bàbá bá ti kírun òwúrọ̀ tán, iwájú gíláàsì yẹn ni wọ́n máa ń jókòó sí. "Àlejò, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Wọ́n ń kí ẹja bí ẹni ń kí àgbà. Ẹnikẹ́ni nínú wa kì í rẹ́rìn-ín, nítorí a mọ ẹni tí wọ́n ń kí.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún tí mo wà ní kíláàsì kejì, omi kànga wa lọ sílẹ̀ títí ó fi pọ́n bí ẹrẹ̀. Àmì funfun yọ sí àrọ̀ náà lára, kò jẹun mọ́, orí omi ló sì ń gbé ẹnu sí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Alhaja tó ń ta aṣọ ní ilé kejì sí tiwa yà wá wò ó.

"Bàbá Dírẹ́bà, ẹ sọ àlúmù sí i. Kíá ni omi yẹn máa tòrò. Ṣebí òun náà ni gbogbo wa ń mu?"

"Alhaja, àlúmù kẹ̀? Nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́, sódà la máa ń dà sí omi tó bá le, kó má baà sé páìpù. Sódà ni mo rò pé ó máa gbà."

"Ẹ ó wa ẹja náà lọ sí Kánò nìyẹn!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú bàbá kò kúrò lára gíláàsì. Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ìwọ lo mọ̀wé. Lọ bi tíṣà rẹ. Ohun tí o bá mú wá la máa ṣe." Ọ̀rẹ́ mi, n kò lè sọ bí orí mi ṣe wú tó. Ẹni tó ti fi ọgbọ̀n ọdún mọ omi tó yẹ ẹ́ńjìnnì ló fi yíyan omi lé mi lọ́wọ́.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì wa kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré. Wọ́n ní kí n má da àlúmù sí i, kí n má da sódà sí i. Omi ẹ̀rọ ni kí n pọn, kí n ṣí i sílẹ̀ nínú oòrùn fún ọjọ́ méjì, kí oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú rẹ̀ lè fò lọ. Lẹ́yìn náà, kí n lu ihò sí ìdí garawa kan, kí n to òkúta sí ìsàlẹ̀, èédú sí àárín, iyanrìn sókè, kí omi máa gba inú rẹ̀ kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹja. Kí n kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí òkúta. Èyí tó bá hó ń yòrò sínú omi, kí n sọ ọ́ nù. "Ohunkóhun tó bá ti kan òróró tàbí oògùn," ni wọ́n fi parí rẹ̀, "má jẹ́ kó wọ ibẹ̀." Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo sì fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀.

Mo gbìyànjú láti pa àṣẹ náà mọ́. Èédú àkọ́kọ́ tí mo rà ń rùn kẹrosín-ìn, mo dá a padà. Ìyá tó ń ta èédú wò mí láti òkè dé ilẹ̀: "Ṣé ẹja lo fẹ́ yan ni, àbí o fẹ́ gbé e níyàwó?" Mo wá èédú mìíràn. Mo fọ iyanrìn odò títí omi rẹ̀ fi mọ́ bí omi òjò. Òkúta ló kù. Àwọn ti etí odò ń rún mọ́ mi lọ́wọ́. Nígbà náà ni èrò kan sọ sí mi lọ́kàn, ó sì dùn mọ́ mi ju gbogbo ohun tí mo ti rò rí lọ: òkúta ojú irin! Òkúta líle tí bàbá ti wa ọkọ̀ gba orí rẹ̀ kọjá láìmọye ìgbà. Bí ara àrọ̀ bá ti yá, n ó sọ ibi tí mo ti rí i fún wọn, inú wọn yóò sì dùn. Mo ṣa á kún àpò láàárín pákó abẹ́ irin. Koríko kankan kò hù níbẹ̀, mo sì rò pé ìmọ́tótó ni. Mo kán omi ọsàn sí i, kò hó rárá.

Ní ọjọ́ kìíní, omi mọ́ gaara, àrọ̀ sì jẹun. Bàbá pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Ní ọjọ́ kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, ikùn rẹ̀ ló kọjú sókè.

Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbé e jáde, wọ́n tẹ́ ẹ sórí aṣọ. Wọn kò sunkún. Wọ́n da ohun inú garawa sílẹ̀, wọ́n gbóòórùn iyanrìn, wọ́n gbóòórùn èédú. Wọ́n mú òkúta kan, wọ́n fi àtàǹpàkò ra á, wọ́n gbé e sí imú, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé e kúrò níbẹ̀.

"Níbo lo ti ṣa èyí?"

Òtítọ́ ti dé ẹnu mi. "Etí odò ni, Bàbá."

Wọ́n rọra dá òkúta náà padà sínú garawa. "Ó dáa. Lọ fọ ọwọ́ rẹ. Fi ọṣẹ fọ ọ́ dáadáa."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn nígbà tí Alhaja wá kẹ́dùn. Mo gbọ́ tí bàbá ní, "Èmi ni, Alhaja. Ọmọ yẹn ṣe tirẹ̀ bó ṣe yẹ. Èmi ni mo lọ da sódà sí i lẹ́yìn rẹ̀."

"Ṣé mo wí tàbí n kò wí? Ó ti dé Kánò báyìí!"

Láti ìgbà náà, ọ̀rọ̀ náà di àwàdà àdúgbò. Bí bàbá bá gbé kẹ́tùlù, Alhaja á pariwo láti ìta: "Ṣé ẹ ti fi sódà sí i?" Bàbá á rẹ́rìn-ín títí wọn á fi wúkọ́. Ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Lẹ́yìn bí ọdún kan, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wá kí wọn, ó sì ń sọ bí wọ́n ṣe máa ń fọ́n oògùn apakoríko sójú irin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àwọn dírẹ́bà á máa kìlọ̀ fún àwọn eléwúrẹ́. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé láti ìgbà tí òkúta yẹn ti kan imú bàbá ni wọ́n ti mọ ibi tó ti wá. Mo pinnu pé n ó bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọ̀la. Mo ń wí bẹ́ẹ̀ títí òjò ọdún kejì fi dé, tí àìsàn ọjọ́ mélòó kan sì mú wọn lọ.

Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà fídáù, Alhaja tún sọ ìtàn náà fún àwọn àlejò, pẹ̀lú ẹ̀rín àti omijé: "Ọkùnrin tó fi sódà pa ẹja ìyàwó ẹ̀!" Ara mi kò gbà á mọ́. Mo tẹ̀ lé wọn dé ilé wọn, mo sì jẹ́wọ́. Mo rò pé ara mi yóò fúyẹ́.

"Sódà ńkọ́?" ni wọ́n bi mí.

"Bàbá kò da sódà kankan sí i, mà."

Alhaja rọra jókòó. "Ọdún méjì," ni wọ́n ní. "Ọdún méjì ni mo fi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé, ó sì ń bá mi rẹ́rìn-ín." Wọ́n fi etí ìborùn wọn bojú. Kò sí ẹni tí wọ́n lè lọ bẹ̀ mọ́, kò sì sí ẹni tí èmi náà lè lọ bẹ̀.

Mo ti wà ní kíláàsì àṣekágbá báyìí, mo sì ti ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé èmi nìkan ni irọ́ mi ń jẹ níyà. N kò mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí mo fi dákẹ́ ni ọ̀rẹ́ bàbá ń fi ìfẹ́ bú aláìṣẹ̀. Alhaja kò bínú sí mi; wọ́n ń dáhùn ìkíni mi tìfẹ́tìfẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò dárúkọ bàbá fún mi mọ́. Ẹ̀rín yẹn ni ohun tí bàbá fi sílẹ̀ fún wọn, èmi ni mo sì gbà á lọ́wọ́ wọn.