Ìbọn Tí Tíṣà Kò Jẹ́wọ́

Gbogbo Ogbooro ló mọ Ìyápọ̀ sí Tíṣà. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé kó tó fẹ̀yìn tì, tó dojú kọ oko iṣu. Ẹni tó bá fẹ́ kọ lẹ́tà tó gba òyìnbó dáadáa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń lọ. Òun náà ló bá Ṣùkúrù ọdẹ, aládùúgbò rẹ̀, kọ fọ́ọ̀mù tó fi gba ìwé àṣẹ ìbọn ṣakabùlà. Nígbà tí àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí í da ọ̀nà oko láàmú, tí àwọn ọ̀dọ́ ń sọ nípàdé ìlú pé kí olúkúlùkù wá ìbọn sílé, Tíṣà ló dìde, tó là á yé wọn pé òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ní ìbọn láìní ìwé àṣẹ, pé ẹ̀wọ̀n ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Kò ju oṣù méjì lọ tí àwọn kan já wọ ilé kejì sí tirẹ̀ lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n lu baálé ilé náà ní àlùbolẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti ń ba Tíṣà. Ó rò ó bóyá kí òun náà kọ fọ́ọ̀mù, àmọ́ ó mọ bó ṣe máa ń pẹ́ tó, ó sì mọ̀ pé wọ́n lè má fún òun. Ló bá gba ìlú Ìjio lọ bí ẹni tó fẹ́ ra àgbàdo, ó ra ìbọn àgbélẹ̀rọ kan, ó fi àpò ìrẹsì wé e, ó tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá tí wọ́n ń kó iṣu sí. Kò sọ fún Florence ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì.

Ní Sátidé kan tí Florence wà níbi iṣẹ́, Tíṣà jókòó sínú yàrá iṣu, ó ń fi òróró nu ìbọn náà. Kò mọ̀ pé ọta ti wà nínú rẹ̀. Àfi gbòlà. Ìbọn yìn mọ́ ọn lọ́wọ́, ọta gba òrùlé jáde, eruku bo gbogbo yàrá.

Ṣùkúrù ló kọ́kọ́ sáré dé. Ó bá Tíṣà níbi tó ṣì di ìbọn mú.

"Tíṣà, ẹ gbé e fún mi. Ẹ rọra."

Ó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì gbé e sílẹ̀ tí ọlọ́pàá mẹ́ta fi wọlé. Mọ́tò wọn ló ń kọjá lójú títì tí wọ́n fi gbọ́ ìró ìbọn.

"Ta ló ni ìbọn yìí?" Sájẹ́ǹtì tó ṣáájú wọn ló béèrè.

Ṣùkúrù gbójú sókè. Ó wo Tíṣà, kì í sì í ṣe pé ó wò ó fìrí. Ó tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń dúró dè é. Tíṣà la ẹnu. Ó rí ara rẹ̀ nínú mọ́tò ọlọ́pàá, ó rí àwọn ará ìjọ rẹ̀, ó rí àwọn tó pàtẹ́wọ́ fún un. Ó pa ẹnu náà dé, ó wolẹ̀.

"Èmi ni," Ṣùkúrù wí. "Mo gbé e wá fi han Tíṣà ni."

"Ìwé àṣẹ ẹ dà?"

"Ti ṣakabùlà nìkan ni mo ní."

Wọ́n de ọwọ́ rẹ̀. Kí sájẹ́ǹtì tó jáde, ó yíjú sí Tíṣà. "Ẹ má bínú, bàbá, a da ilé yín rú."

Nígbà tí Florence dé, tó béèrè ohun tó dá òrùlé lu, Tíṣà ní ìbọn ló yìn mọ́ Bàbá Muhydeen lọ́wọ́. Bàbá Muhydeen ni wọ́n ń pe Ṣùkúrù nílé. Lọ́jọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tó ti di ipò mú, àwọn èèyàn wá ń bá a dúpẹ́ pé ọdẹ yẹn ò ṣèèṣì pa á. Ó ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ ṣeun."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, Misturat, ìyàwó Ṣùkúrù, wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Tíṣà, ẹ dákun, ẹ bá wa kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá. Ẹ sọ fún wọn pé ọkọ mi kì í ṣe jàǹdùkú. Tiyín ni wọ́n máa gbọ́."

Florence gbé àga fún un. Tíṣà mú bébà àti bíìrò, ó kọ àdírẹ́sì, ó kọ déètì. Ó kọ orúkọ Ṣùkúrù tán, ọwọ́ rẹ̀ ò lọ mọ́.

"Ìyá Muhydeen," ó ní, kò lè wojú obìnrin náà, "èmi ni mo ni ìbọn yẹn. Èmi ni mo rà á. Ọwọ́ mi ló ti yìn."

Misturat ò pariwo. Ó dìde lórí àga.

"Ṣé Bàbá Muhydeen mọ̀?"

"Ó mọ̀."

"Ẹ dìde ká máa lọ, sà."

Florence náà dìde. Ó wọ yàrá lọ, ó mú bàtà ọkọ rẹ̀ jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀.

Ní tẹ́ṣàn, Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú Ṣùkúrù jáde, àgbàlagbà yìí fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, àmọ́ Ṣùkúrù dì í léjìká mú.

"Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi. Mo rò pé tí wọ́n bá mú mi dé ìdí mọ́tò, ẹ máa sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, mo ní bóyá tó bá dalẹ́. Nígbà tó di àná, mi ò retí yín mọ́."

Tíṣà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè kọjá.

Wọ́n tú Ṣùkúrù sílẹ̀, wọ́n ti Tíṣà mọ́lé kí wọ́n tó gba bélì rẹ̀, wọ́n sì gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí kọ́ọ̀tù ní Ṣakí. Ó fúnra rẹ̀ fi ipò tó dì mú ní ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Ṣùkúrù ṣì ń kí i. Ojú ọ̀nà ló ti ń kí i, kì í yà wọlé mọ́. Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ lẹ́tà, ṣọ́ọ̀bù Tèmítọ́pẹ́ tó ní kọ̀ǹpútà ló ń gbà lọ.

Wọ́n ti sún ẹjọ́ náà síwájú lẹ́ẹ̀mẹta báyìí. Ìgbà kẹta yẹn, obìnrin kan tó wọ aṣọ lọ́yà rí Tíṣà lórí bẹ́ǹṣì níta kọ́ọ̀tù, ó sì kúnlẹ̀ kí i. Tíṣà ti kọ́ ọ ní iléèwé rí.

"Tíṣà wa, ta lẹ wá bá dúró ní kọ́ọ̀tù?"

Ojú tì í débi pé ó fẹ́ sọ pé ẹnì kan ládùúgbò ni.

"N ò wá bá ẹnì kankan dúró, ọmọ mi," ó ní. "Èmi ni wọ́n ń bá ṣẹjọ́."